Kọ́kọ́rọ́ Ilé Irun

Àdùkẹ́, kọ́kọ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹni tó bá máa kà á má bínú sí mi. Orí mi ti ń jò bí agbọ̀n. Orúkọ èèyàn ń bọ́ dànù, oṣù kan ń wọnú oṣù kejì. Tí mo bá sọ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Tí mo bá dákẹ́, má kọ nǹkan kan, má sì bi mí pé kí ló dé. Màá padà wá.

Ohun tí o bi mí ní Sọ́ńdè ni mo fẹ́ dáhùn. O ní, "Bàbá àgbà, kí ló dé tí ẹ kì í ti ilẹ̀kùn yàrá yín, òjò ì báà máa rọ̀?" Mo ní kí o lọ bu omi wá. Òùngbẹ ò gbẹ mí lọ́jọ́ yẹn.

Ọdún tó tẹ̀lé ọdún kòrónà ni. Wọ́n ti ní kí gbogbo èèyàn padà sẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ a ṣì ń fi aṣọ bo imú. Ìwọ wà ní praimárì. Ilé wa yìí náà là ń gbé, ní Agége níbí, èmi, bàbá rẹ, ìyá rẹ àti ìwọ. Bàbá rẹ ń wa mọ́tò fún àwọn kan ní Ìkẹjà GRA, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó wálé. Èmi ń ṣọ́ géètì ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Ilé Irun ni gbogbo èèyàn ń pè é.

Kí àwọn tó máa kà á tó mọ̀ mí sí gáàdì, kọ ọ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni mí. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, ní ilé iṣẹ́ aṣọ ní Ìlúpéjú, èmi wà lára àwọn tó dùbúlẹ̀ síwájú géètì tí mọ́tò kankan ò fi rọ́nà wọlé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mi ò kàwé, àmọ́ tí mo bá ní kí wọ́n dìde, wọ́n á dìde. Wákàtí ìsinmi ọ̀sán la ń jà fún, a sì gbà á. A jó yí ọgbà náà ká. Obìnrin méje ló ń gbálẹ̀ níbẹ̀ nígbà yẹn. Bí a ṣe ń jó ni wọ́n ń gbálẹ̀ lẹ́yìn wa. A ò bi wọ́n bóyá àwọn náà ní wákàtí ìsinmi. Kò wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni. Èmi gan-an, ọdún tí mo darúgbó ni mo tó rántí wọn.

Ó dáa. Ilé Irun.

Irun tí àwọn obìnrin fi ń dirí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Rọ́bà ni. Ẹ̀rọ á yọ́ ọ, á fà á bí òwú, àwọn obìnrin á wá máa fi òòyà irin ńlá yà á. Tí wọ́n bá yà á tán, wọ́n á so ó rọ̀ sórí irin lókè. Tí o bá wọlé láàárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wàá rí irun náà ní ìlà ìlà, dúdú, gígùn, bí ìgbà tí ọgọ́rùn-ún obìnrin dúró tí wọ́n kẹ̀yìn sí ọ. Kò sí orí lábẹ́ rẹ̀. Yóò sì máa mì. Kò sí fáànù, kò sí atẹ́gùn, àmọ́ yóò máa mì.

Mo bi Ìyá Mùtíù pé kí ló ń mì í. Ìyá Mùtíù ni àgbà wọn, obìnrin Ìjẹ̀bú, ara rẹ̀ tín-ín-rín bí igi ìṣáná, ẹnu rẹ̀ mú. Ó ní, "Bàbá Géètì, ẹ yéé wo òkè. Àwa kì í wo òkè níbí."

Lẹ́yìn kòrónà, wọ́n dín àwọn obìnrin náà kù sí ìdajì. Iṣẹ́ ò dín. Ẹnì kan wá ń ṣe ti ẹni méjì. Ilẹ̀kùn irin kan ṣoṣo ni gbọ̀ngàn náà ní. Ọ̀gá sùpáfáísọ̀ wa, Dáre ni wọ́n ń pè é, sọ pé àwọn obìnrin náà ń jí irun gbé sábẹ́ aṣọ, ó ní kí n máa ti ilẹ̀kùn náà láti ìta. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Aago mẹ́wàá, aago méjìlá, aago méjì, mo máa ṣí i kí wọ́n lọ tọ̀. Bí aago ò bá tíì lù, tí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, kí n má ṣí. Ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí ohùn èèyàn jáde. Ìkànkùn nìkan ló ń jáde, gbà, gbà, gbà, lẹ́ẹ̀mẹta. Ìkànkùn ò lórúkọ. O ò lè mọ̀ bóyá ọwọ́ Ìyá Mùtíù ni tàbí ọwọ́ ẹlòmíì.

Ìyá rẹ náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èmi ni mo wá ibẹ̀ fún un. Inú mi dùn sí i nígbà yẹn, mo ní èmi bàbá ọkọ rẹ̀ á máa rí i.

Nínú ọdún yẹn náà ni ọmọbìnrin kan wá láti yunifásítì. Ó fẹ́ mọ̀ bí àwọn obìnrin ṣe ń lo ọjọ́ wọn, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, bóyá ara wọn le. Ilé iṣẹ́ ò jẹ́ kó wọlé. Ó bá lọ tẹ́ ẹní sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà ní iwájú géètì, ní Sátidé tí wọ́n máa ń tètè ṣíwọ́. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya òrùka márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan sórí sìmẹ́ńtì. Ó ní àkọ́kọ́ ni oorun, èkejì ni Ilé Irun, ẹ̀kẹta ni ọ̀nà, ẹ̀kẹrin ni iṣẹ́ ilé, ìkarùn-ún ni ìgbà tí èèyàn kàn jókòó jẹ́ẹ́, tí kò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ó wá fún olúkúlùkù ní hóró àgbàdo mẹ́rìnlélógún. Hóró kan, wákàtí kan. Ó ní kí wọ́n pín ọjọ́ wọn sínú òrùka. Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Àǹtí Àgbàdo nìyẹn.

Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin ìyá mi, ṣé ẹ tún ń ṣiṣẹ́ tí ẹ bá délé?"

Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní àwọn kì í ṣiṣẹ́ nílé, àwọn kàn máa ń wà nílé ni.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í pín àgbàdo. Ẹ̀rín wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Ìyá Mùtíù ló kọ́kọ́ gbé ojú sókè.

"Àǹtí, àgbàdo yín yìí ò tó."

"Mẹ́rìnlélógún ni mà. Mo kà á."

"Mo mọ̀ pé ẹ kà á. Nígbà tí mo ń se ọbẹ̀, ọmọ ọmọ mi wà lẹ́yìn mi, mo sì ń fi etí gbọ́ ìyá ọkọ mi tó ń ṣàìsàn nínú yàrá, kó má baà já bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Wákàtí kan náà ni. Ṣé hóró kan ni kí n fi síbẹ̀ àbí mẹ́ta?"

Ọmọ yunifásítì yẹn wo ìwé rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ìyá, ẹ gba méjì sí i."

"Ẹ jẹ́ ó di mẹ́ta."

Báyìí ni Ìyá Mùtíù ṣe ní ọjọ́ tó ju ọjọ́ lọ. Àwọn yòókù náà na ọwọ́, wọ́n ní kí ó bu sí tàwọn. Mo ń wò wọ́n, mo ń rò ó pé níbo ni wọ́n ti ń rí wákàtí yẹn mú, kí ni wọ́n sì ń fi san án.

Wọ́n ní kí èmi náà wá pín tèmi. Mo pín in. Hóró méje bọ́ sínú òrùka ìjókòó jẹ́ẹ́. Àfi bí ẹni tú ẹ̀rín dà sílẹ̀.

"Bàbá Géètì, ẹ yá wa ní méjì níbẹ̀ yẹn."

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, olówó àgbàdo ni wọ́n."

Ìyá rẹ ò rẹ́rìn-ín. Ó ń pín tirẹ̀ lọ. Mẹ́rin ló fi sí oorun. Òrùka ìkarùn-ún ṣófo, ó sì fi ọwọ́ pa á rẹ́, bí ẹni tó ń nu ibi tí nǹkan dà sí. Mo wo òrùka tirẹ̀, mo wo tèmi. Omi tí mo fi ń wẹ̀, ta ló ń pọn ọ́n? Ògì tí mo ń mu láàárọ̀ ńkọ́? Hóró méje yẹn, láti ọwọ́ ẹni yẹn ni wọ́n ti wá. Mo rí i lọ́jọ́ yẹn, mi ò sọ nǹkan kan.

Kọ èyí tó kàn yìí dáadáa, Àdùkẹ́. Má kánjú.

Ọjọ́bọ̀ ni. Ọyẹ́ ń fẹ́. Oòrùn wà lókè, àmọ́ nǹkan kan ò ní òjìji, ọ̀sán gangan náà funfun bí eérú. Mo ti ṣí ilẹ̀kùn ní aago méjìlá, mo ti tì í padà. Kò pẹ́, mo gbọ́ gbà, gbà, gbà. Mo wo aago. Ó ku wákàtí kan àbọ̀. Mo jókòó. Ó tún dún. Mo mọ òfin. Mo gbé àpótí tí mo fi ń jókòó, mo gbé e jìnnà díẹ̀ sí ilẹ̀kùn náà.

Ṣé o kọ ọ́ pé mo gbé e jìnnà? Kọ ọ́.

Ìkànkùn náà wá ń sọ̀ kalẹ̀. Ti àkọ́kọ́, ibi àyà èèyàn ló ti ń dún lára irin náà. Nígbà tó yá, ó wà ní ibi orúnkún. Lẹ́yìn náà ó wà nílẹ̀ pátápátá, ó rọra ń dún, bí ẹni pé ọmọ kékeré tó ń rá ló ń kan ilẹ̀kùn. Irun orí mi dìde. Mo ní nínú mi pé kò sí ọmọ kékeré nínú Ilé Irun. Ó dákẹ́. Inú mi dùn pé ó dákẹ́.

Aago méjì lù, mo ṣí i.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ẹ̀rọ. Wọ́n dúró ní ìlà méjì. Ìyá rẹ ló wà nílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ìyá Mùtíù ti tú ìró ara rẹ̀, ó ti fi bò ó. Oyún oṣù márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, ìwọ ò mọ̀, wọn kì í sọ irú ẹ̀ fún ọmọdé. Ìyá Mùtíù wò mí láti ilẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí.

"Bàbá Géètì," ó ní, "ẹ kú iṣẹ́."

Ó yíjú padà sí ìyá rẹ.

A gbé e dé ọsibítù. Ìyá rẹ yè. Ọmọ náà lọ. Ọkùnrin ni. Dókítà ní bóyá ì bá rí bẹ́ẹ̀ náà ká ní wọ́n tètè gbé e wá, bóyá kò ní rí bẹ́ẹ̀. "Bóyá" yẹn ni mo ń bá gbé láti ọjọ́ náà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà. Kọ́kọ́rọ́ ọjà gan-an wà lọ́wọ́ mi.

Jẹ́ kí n mu omi.

Ní Mọ́ńdè, mo padà síbi iṣẹ́. Àwọn obìnrin náà dé lásìkò. Wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kí mi, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá Géètì," ohùn kan náà, ojú kan náà. Mo ti ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣì tì í. Mo jókòó, mo ń retí kí ẹ̀rọ dún.

Kò dún. Mi ò tíì gbọ́ irú ìdákẹ́ yẹn rí lágbègbè náà. Mo gbọ́ bàálù tó ń gbéra ní pápákọ̀. Mo gbọ́ ewé igi fúrúùtù tó já bọ́.

Dáre jáde wá. "Bàbá, àwọn obìnrin yìí ò tíì dé ni?"

"Wọ́n ti dé, ọ̀gá."

"Kí ni wọ́n wá ń ṣe nínú ilé?"

Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní kí n ṣí i.

Olúkúlùkù wọn, tó jẹ́ pé orí ìdúró ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, jókòó sórí páálí ní ibi iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti ṣí gèlè, ọwọ́ wọn wà lórí itan. Lórí tábìlì níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, hóró àgbàdo tò ní ìlà. Irun ń mì lókè. Gbogbo wọn gbé orí sókè, wọ́n ń wò ó.

Dáre gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó rí àgbàdo náà, ó fà á padà. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, ó mọ ohun tí wọ́n ń fi àgbàdo ṣe ní oríta. "Kí lèyí?" ó ní. "Ẹbọ? Ẹ gbé ẹbọ wọ ilé iṣẹ́?"

Ìṣirò ni o, Àdùkẹ́, ìṣirò wákàtí ni. Òun ló pè é ní ẹbọ, wọ́n sì jẹ́ kó máa pè é bẹ́ẹ̀. Ó pe àwọn ọkùnrin tó ń kẹ́rù pé kí wọ́n wá gbá àgbàdo náà kúrò. Wọ́n yọjú, wọ́n wo àwọn obìnrin tó ń wòkè, wọ́n ní àwọn ò bá a gbá nǹkan tí àwọn ò mọ ìdí ẹ̀. Ọ̀kan ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní ẹbọ ni, ẹ gbá a."

Ìgbà náà ni Ìyá Mùtíù gbé ọwọ́ kan kúrò lórí itan. Ó kan tábìlì rẹ̀, gbà, gbà, gbà. Ó gbé ọwọ́ padà. Gbogbo wọn bá kàn án pa pọ̀, lẹ́ẹ̀mẹta. Irin ni tábìlì wọn. Ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Wọ́n tún kàn án. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó wà lápá ọ̀tún, lápá òsì, jáde sí títì, kò sí ẹni tó bi ẹnì kejì léèrè ohun tó ń dún.

Dáre yíjú sí mi. Òógùn ti bò ó nínú ọyẹ́. "Bàbá, ẹ tì wọ́n mọ́bẹ̀. Ẹ tì í títí ebi á fi kọ́ wọn lọ́gbọ́n."

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Ó ń wò ó. Mo ní, "Ọ̀gá, mi ò rí kọ́kọ́rọ́ mọ́."

Ó ní, "Bàbá, òun lẹ mú dání yẹn."

Mo ní, "Mi ò rí i."

Mo rìn kọjá lára rẹ̀, mo wọlé. Ààyè kan ṣoṣo ló ṣófo, ààyè ìyá rẹ. Wọ́n to àgbàdo sí iwájú ibẹ̀ náà, mẹ́rìnlélógún, hóró kan ṣoṣo sì dá wà lápá kan, kékeré. Mo jókòó. Ìyá Mùtíù ò wò mí. Nígbà tí wọ́n tún kàn án, mo bá wọn kàn án. Irin náà gbóná mọ́ mi lọ́wọ́, egungun ìka mi ń ta mí. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ bí ìyá rẹ ṣe kàn án tó kí n tó gbọ́, kí n tó gbé àpótí mi jìnnà.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣe bẹ́ẹ̀, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ẹni tó ni ilé iṣẹ́ wá fúnra rẹ̀. Ìyá Mùtíù nìkan ló sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn náà, kí aboyún máa jókòó ṣiṣẹ́, kí wọ́n pe àwọn obìnrin tí wọ́n lé padà. Wọ́n yọ ilẹ̀kùn náà lójú wa. Wọ́n ra àpótí fún àwọn aboyún. Ti àwọn tí wọ́n lé, wọ́n ní àwọn máa wò ó, wọn ò wò ó títí dòní.

Kí oṣù méjì tó pé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wá níṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Mùtíù ló ṣíwájú, èmi tẹ̀lé e. Ó wà ní Ìjẹ̀bú báyìí, ó ń wúkọ́ eruku irun. Àǹtí Àgbàdo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ó padà wá kà á fún àwọn obìnrin náà lábẹ́ igi. Wọ́n ní òótọ́ ló kọ, wọ́n sì sáré lọ dáná.

Ilé iṣẹ́ náà ti kó lọ, ẹrù ni wọ́n ń kó sínú gbọ̀ngàn yẹn báyìí. Mo kọjá níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, lọ́sàn-án gangan. Mo gbọ́ ọ. Nílẹ̀ pátápátá, ó rọra ń dún, lẹ́ẹ̀mẹta. Mo sì rí i pé kò sí ilẹ̀kùn níbẹ̀ tí èèyàn lè kàn. Gáàdì tuntun jókòó lẹ́nu géètì. Ó wo ojú mi, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà gbọ́ ọ?" Mo ní etí mi ò gbọ́ràn mọ́. Irọ́ ni mo pa fún un.

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ máa ń bi wá pé kí la rí gbà nínú ìjà tí a jà. A yọ ilẹ̀kùn kan. Ó dára, mi ò ní kó má dára. Àmọ́ òrùka ṣọ́ọ̀kì yẹn ṣì wà nínú ilé gbogbo wa, ìkarùn-ún sì ṣófo. O ti rí mi tí mò ń fọ abọ́ mi, tí mò ń lọ pọn omi mi, o ní, "Bàbá àgbà, ẹ fi sílẹ̀, màmá á ṣe é." Hóró méjì péré ni mo tíì dá padà.

Gbèsè tó kù, ẹnu ló wà. Wọ́n kọ́ wa pé bàbá ọkọ kì í bẹ ìyàwó ilé. Láràárọ̀ ni ìyá rẹ ń kúnlẹ̀ kí mi, tó ń gbé ògì wá fún mi. Kò dárúkọ Ọjọ́bọ̀ yẹn fún mi rí. Èmi náà ò dárúkọ rẹ̀. Ìdáhùn ìbéèrè rẹ nìyí: mò ń fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí kó má baà sí ọjọ́ kan tí ìyá rẹ máa ní láti kan ilẹ̀kùn mi mọ́.

Nu ojú rẹ. Ó tó.

Ìyá rẹ wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fọṣọ. Mò ń gbọ́ omi náà láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ṣí fèrèsé yẹn sí i. Ka gbogbo rẹ̀ fún mi, kà á sókè dáadáa, bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì.

Omi ti dákẹ́. Ó ti dáwọ́ aṣọ fífọ̀ dúró.

Bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo ti ní kí wọ́n má bínú sí mi.